Kàfáyàtù Tó Mọ Òkú Ṣe

"Daud, kó o tó jáde, bá mi kó àwọn tówẹ̀lì yẹn kúrò nínú dryer tó ń gbẹ aṣọ nísàlẹ̀, kó o ká wọn. Bí wọ́n bá sùn síbẹ̀, wọ́n á hunjọ bí ojú arúgbó."

Ọ̀rọ̀ tí Kàfáyàtù sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni. Daud ti wọ bàtà iṣẹ́, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, bọ́ọ̀sì ò sì ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Bí mo bá dé, Àǹtí." Kàfáyàtù ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Daud fa ilẹ̀kùn dé. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ó dé lóòótọ́. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni kò sí mọ́.

Àbúrò ìyá Daud ni Kàfáyàtù. Nígbà tí ìyá Daud kú ní Ìwó, òun ló ní kí wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí òun ní Ṣikágò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí. Ó lo ọdún kan ààbọ̀ ní ilé-ìwé, ó fi í sílẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, ẹrù ló ń gbé sínú bàálù ní pápákọ̀ òfurufú, lẹ́bàá Des Plaines, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé yàrá kan àti pálọ̀, ní àjà kẹrìnlá ilé gíga kan ní Edgewater. Kàfáyàtù ló ni yàrá, Daud ló ni àga gígùn tó wà ní pálọ̀. Láti ojú fèrèsé wọn, èèyàn á máa wo adágún ńlá náà títí ojú á fi rẹ̀ ẹ́, kò ní í rí òdìkejì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé mọ ojú Kàfáyàtù, bí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí ẹní nínú fíìmù. Òun ni òkú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Alfa ni bàbá rẹ̀, ó ní ilé-kéwú lẹ́yìnkùlé. Kàfáyàtù jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tí àwọn onífíìmù wá sí àdúgbò wọn. Wọ́n ń wá ìyàwó kan tó kú. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọ̀gá wọn bínú. Ó kọjú sí èrò ìwòran, ó ní, "Ta ló lè kú dáadáa níbí?" Kàfáyàtù nawọ́. Ó dùbúlẹ̀. Eṣinṣin bà lé e létè, ó rìn dé imú, Kàfáyàtù ò mira. Ìyá àgbà kan láàárín èrò bú sẹ́kún, ó ń ṣe ìnnà lillai. Nígbà tí wọ́n pa kámẹ́rà, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé o ṣì wà?"

Ó ṣe fíìmù mẹ́tàlélógójì. Ó kú nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n fún un ní májèlé jẹ, ọkọ̀ gbá a, ó kú sórí ìkúnlẹ̀, orogún tì í sí kànga. Kò sí bí wọ́n ṣe ń kú tí kò kú. Bàbá rẹ̀ ò wo ọ̀kankan nínú wọn títí òun náà fi kú. Ó ní ẹni tó ń fi ikú ṣeré, ọjọ́ kan ni ikú á yà bá a ṣeré tirẹ̀.

Kàfáyàtù sọ àṣírí rẹ̀ fún Daud. Yóò mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò fi ahọ́n ti àjà ẹnu, yóò sì máa ka orúkọ àwọn ọmọ kéwú bàbá rẹ̀ nínú ikùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń pè é ní Kàfá Òkú, ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tó ti ń bó iṣu, pé, "Ọ̀rọ̀ mi kì í tó ojú ìwé kan kí wọ́n tó pa mí, Daud. Gbogbo wọn ló sunkún mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn mi nínú wọn."

Fíìmù náà ló gbé e dé Ṣikágò. Wọ́n fẹ́ ya ìtàn kan nínú yìnyín. Wọ́n yà á dé ìdajì, ẹni tó kó wọn wá sá lọ. Ojú ń ti Kàfáyàtù láti padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines.

Níbẹ̀ ló ti bá Àmínà pàdé, ọmọ Ọ̀fà, tí wọ́n jọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kan Àmínà ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ó kú. Kò ní ará kankan ní ìlú yìí. Ó wà nínú yàrá òkú fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí ṣe tán láti sin ín, ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í wẹ òkú obìnrin, kò sì sí obìnrin kan láàárín wọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nílé, àwọn ìyá àgbà ló ń ṣe é. Àwọn ìyá àgbà ò sì bá wọn wọ bàálù wá.

Kàfáyàtù ní òun á wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ṣé ó mọ̀ ọ́n? Ó ní, "Mo ti dùbúlẹ̀ níbẹ̀ rí. Mo mọ ibi tó máa ń tutù."

Ó pe ìyá àgbà kan ní Ìwó lórí fóònù, ìyẹn ń wí, òun ń ṣe. Ó gbé omi kaná títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ìyá àgbà náà ò kọ́ ọ. Ó ká tówẹ̀lì funfun kan sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ orí Àmínà, lórí irin. Ó ní orí ló máa ń dun òkú jù. Nínú gbogbo ikú tí òun ti kú, kò sẹ́ni tó fi nǹkan sábẹ́ orí òun rí. Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà.

Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò wẹ òkú kankan láìfi tówẹ̀lì sábẹ́ orí rẹ̀. Nígbà kan, ilé ìwòsàn kan finá sun òkú obìnrin Mùsùlùmí kan, wọ́n ní kò sẹ́ni tó wá gbà á. Kàfáyàtù dúró síwájú ilé náà nínú òtútù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó gbé páálí kan dání tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ní èdè wọn: ó lórúkọ. Ètè rẹ̀ bó. Ní ọjọ́ kẹwàá wọ́n pè é wọlé. Láti ìgbà náà, nọ́mbà fóònù rẹ̀ wà lára ògiri yàrá òkú ní ilé ìwòsàn mẹ́ta. Bí obìnrin tí kò ní èèyàn bá kú, òun ni wọ́n ń pè. Ó kó obìnrin márùn-ún jọ, ó kọ́ wọn. Ọwọ́ Tó Mọ̀ Mí ni wọ́n ń pe ara wọn, nítorí ohun tó máa ń sọ fún wọn: "Ọwọ́ tó bá mọ orúkọ èèyàn ni kó wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá kan èmi náà, ẹ má fi mí lé àlejò lọ́wọ́."

Muminat ni àgbà nínú wọn, nọ́ọ̀sì ni, ní Joliet; nọ́mbà tirẹ̀ ló tẹ̀ lé ti Kàfáyàtù lára ògiri. Firdaus ló kéré jù, Ṣikágò níbí ni wọ́n bí i sí, ó ṣì wà ní yunifásítì. Ẹ̀rù òkú ń bà á. Fóònù ló máa ń bá wọn dì mú, tàbí ìkòkò omi.

Nígbà tí Daud ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í sọ̀rọ̀. Yóò jókòó sórí àga, yóò máa wo adágún. Ní ọjọ́ kan ó ti ilé-ìwé dé, ó bá àǹtí rẹ̀ nílẹ̀ pálọ̀, ẹnu là, ojú ń wo òkè. Ó pariwo. Kàfáyàtù dìde jókòó, ó ní, "Àánú ò ṣe ẹ́ tó. Tún un ṣe." Daud rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ó wá di eré ilé wọn. Bí Daud bá wọlé tó bá a bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bó bá ka dé àádọ́jọ tí Kàfáyàtù ò rẹ́rìn-ín, Daud ni yóò fọ abọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín, òun ni. Ọdún méje ni wọ́n fi ń ṣe é.

Oṣù méjì kí ó tó kú, Kàfáyàtù ní òun fẹ́ ṣe fíìmù tòun. Kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìtàn obìnrin kan tó kú ní Ṣikágò tí kò rí ẹni wẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin wò ó, kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko, kó tó kú. Firdaus ló fi fóònù yà á. Ní òpin rẹ̀ ni wọ́n ti rí Kàfáyàtù nínú aṣọ funfun, òwú nímú.

Ẹnìkan gé ìparí yẹn nìkan, ó fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó kọ ìnnà lillai sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Ṣikágò ti gbọ́ pé Kàfáyàtù ti kú. Wọ́n kún ilé. Wọ́n gbé ìrẹsì wá. Muminat fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ ní Joliet, ó sáré wákàtí kan lójú ọ̀nà, ó ń sunkún bọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá Kàfáyàtù níbi tó ti ń dín àkàrà.

"Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́," ni Muminat wí. Kò pariwo. "Wọ́n ní ta ló kú, mo ní ìyá mi ni."

"Muminat, kì í ṣe èmi ni mo gé e."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Àǹtí Kàfá, ẹ ò ní í fi ikú yín ṣeré fún èmi mọ́."

Kò padà wá. Àwọn mẹ́ta yòókù ò tètè wá mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ tówẹ̀lì, aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀. Daud wọlé. Kàfáyàtù wà lórí àga gígùn, ọwọ́ kan lórí àyà, ẹnu là díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Daud dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Oókan. Eéjì. Ó bọ́ bàtà, ó ń kà. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ohùn sókè kí àǹtí rẹ̀ lè máa gbọ́. Ó gbé ìrẹsì kaná. Ó ka dé àádọ́jọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti borí. Mo máa fọ abọ́." Ó jẹun. Ó fọ abọ́. Ó fọ ìkòkò pẹ̀lú, kó má baà jẹ́ pé ó rẹ́ ẹ jẹ. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìka ha àtẹ́lẹsẹ̀ Kàfáyàtù, kó lè rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ náà tutù.

Dókítà ní ọkàn ló dúró. Daud bi í bóyá wọn ì bá rí nǹkan ṣe ká ní òun tètè pè wọ́n. Dókítà ní ó ṣòro láti sọ. Daud ò sọ̀rọ̀ àádọ́jọ fún un. Kò sọ̀rọ̀ abọ́. Ó ń gbé "ó ṣòro láti sọ" yẹn kiri bí ẹni gbé òkúta sínú bàtà.

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá òkú. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣèèyàn. Ó wo ìwé, ó rí i pé Mùsùlùmí ni, ọmọ Nàìjíríà. Ó fọwọ́ lé Daud léjìká, ó ní kó má dààmú, obìnrin kan wà tó máa ń ran àwọn èèyàn wọn lọ́wọ́, kò sí ìgbà tí wọ́n pè é tí kì í wá. Ó wo ògiri. Ó tẹ nọ́mbà.

Fóònù dún nínú àpò Daud.

Ọkùnrin náà wò ó. Daud yọ fóònù àǹtí rẹ̀, ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́.

Ó kù kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ló kù tó lè ṣe fún un, òun ò sì lè ṣe é, ọkùnrin ni. Àwọn ará Pakistan kan ló ni ilé tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Wọ́n ní ọjọ́ kejì, Jímọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀. Wọ́n á kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n á sin ín. Wọ́n ní àwọn ní obìnrin kan tó lè wẹ̀ ẹ́. Daud ní rárá, àǹtí òun ní àwọn èèyàn tirẹ̀.

Ó pe Muminat.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àǹtí Kàfá ti kú."

Muminat ní, "Daud, I'm at work. Sọ fún àǹtí ẹ pé mo kí i."

"Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí nígbà yẹn." Ó pa fóònù. Nígbà tí Daud tún pè, kò wọlé mọ́.

Ó kọ ọ́ sínú group àwọn Yorùbá Ṣikágò lórí WhatsApp: Àǹtí ti kú, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ wẹ̀ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnìkan fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé, "Part two ti jáde." Ó fi ohùn ránṣẹ́, ẹkún bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe, ó jọ àǹtí rẹ̀. Ẹnìkan ṣàánú rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Daud, tó bá jẹ́ òótọ́, fi fọ́tò ránṣẹ́."

Fọ́tò wo? Fọ́tò òkú Kàfáyàtù ti kún ayé láti ogún ọdún sẹ́yìn. Èwo ni wọ́n á fi mọ tòótọ́? Daud gbé fóònù náà dojú bolẹ̀.

Firdaus nìkan ló pè é padà. Kò béèrè bóyá òótọ́ ni. Ó ní, "Èmi ni mo ya fíìmù yẹn. Kò sí part two." Ó sunkún. Ó ní òun ń bọ̀.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, Firdaus dé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ú lọ. Ìyá Pakistan kan ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Firdaus yíjú sí Daud.

"Tówẹ̀lì dà?"

Tówẹ̀lì méjìlá, funfun, wọ́n wà nínú ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀ ilé ní Edgewater láti Ọjọ́rú. Kò kó wọn. Kò rántí wọn. Láti ibẹ̀ dé Edgewater, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni, ọkọ̀ ojú irin kan, bọ́ọ̀sì kan.

"Ṣé wọ́n lè dúró dè mí?"

Firdaus bi ìyá náà. Ìyá náà mi orí. Òkú méjì mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn pa dé. Daud jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ń gbọ́ omi.

Ó pẹ́ kí Firdaus tó jáde. Apá aṣọ rẹ̀ rin gbindin. Ó jókòó ti Daud, kò wò ó lójú.

"Mo ká jákẹ́ẹ̀tì mi, ìyá yẹn ní kò mọ́, ó gbé e kúrò. Orí wọn wà lórí irin. Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti da omi, Daud. Àwa méjì péré ni." Ó nu imú. "Kafia ni ìyá yẹn ń pè wọ́n. Mo sọ orúkọ wọn fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Daud ní, "O ṣeun."

Àwọn tó kírun Jímọ̀ kírun sí i lára, wọn ò mọ ẹni tó jẹ́. Ọkùnrin mẹ́fà ló tẹ̀ lé e dé itẹ́. Kò sí Yorùbá kankan nínú wọn, àfi Daud. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ bò ó. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Obìnrin tó wẹ obìnrin mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n ń sin yẹn.

Wọ́n ti ń kó ṣọ́bìrì nígbà tí ọkọ̀ Muminat dé. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin yàrá òkú ló rí nọ́mbà kejì lára ògiri, ó pè é láti bá a kẹ́dùn. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn. Ó rìn dé ibi erùpẹ̀, ó dúró. Kò sunkún.

"Ṣé wọ́n fi káńfọ̀ sí omi ìkẹyìn?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé."

"Ta ló gbé orí wọn?"

Daud wo bàtà rẹ̀. Muminat padà sínú ọkọ̀, ó jókòó, kò ṣáná sí i. Daud kọjá lára rẹ̀. Muminat sọ gíláàsì sílẹ̀, ó ní kó wọlé, òun á gbé e dé ilé. Daud ní kí ó má ṣèyọnu.

Nínú bọ́ọ̀sì, fóònù ò sinmi. Wọ́n ti gbọ́ báyìí. Ìnnà lillai, ìnnà lillai. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ. Ẹni tó ní Part two kọ ọ̀rọ̀ gígùn. Àwòrán tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn ni ìparí fíìmù yẹn, Kàfáyàtù nínú aṣọ funfun, òwú nímú, láìsí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tó fi sọ̀rọ̀.

Ó dé Edgewater. Kò gòkè lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí àwọn ẹ̀rọ wà. Ẹlòmíràn ti ń gbẹ aṣọ nínú ẹ̀rọ náà. Ó ti kó àwọn tówẹ̀lì jáde, ó dà wọ́n jọ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ọṣẹ. Wọ́n ti tutù. Wọ́n ti hunjọ.

Daud bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó fa ọ̀kan yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó mú òmíràn. Obìnrin kan wọlé, ó kó aṣọ rẹ̀, ó jáde. Daud ká mọ́kànlá, ó tò wọ́n léra. Ìkejìlá ò tẹ́. Ó tú u, ó tún un ká.